Láti Yábà dé Ìbà: Ìtàn tó wà lẹ́yìn fúláàtì títà

Bí ènìyàn bá gba Òkòkòmáíkò wọ ojú ọ̀nà tó kọjá níwájú Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tó sì tẹ̀ síwájú dé Ìbà, kò ní rìn jìnnà kó tó rí pátákó tàbí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: fúláàtì wà fún títà. Ohun tí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ máa ń sọ kò pọ̀. Yóò sọ iye yàrá, yóò ní omi wà, yóò ní ìwé pé, yóò sì fi nọ́ńbà ejẹ́ńtì kún un. Kò ní sọ ẹni tó kọ́ ilé náà, ìdí tó fi kọ́ ọ, àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ pín in fún, àti bí ilé tí ìjọba fi owó ìlú kọ́ ṣe di ọjà tí ẹnìkan lè tà fún ẹlòmíràn. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì tàbí èrè ogún ọdún ra fúláàtì yẹ kó mọ irú ilé tó ń wò.

Ìtàn fúláàtì Ìbà kò bẹ̀rẹ̀ ní Ìbà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Erékùṣù Èkó, láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, ní àsìkò tí ìjọba amúnisìn, àwọn ìdílé onílẹ̀ àti àwọn olówó ìlú ń fa ìbéèrè kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́: ta ló ni ilẹ̀, ta ló sì ni ilé tó wà lórí rẹ̀? Ìdáhùn tí wọ́n fún ìbéèrè náà nígbà náà ṣì ń tẹ̀lé gbogbo ẹni tó ń ra ilé tàbí tó ń ta ilé ní Èkó títí di òní.

Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ kan ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Ilẹ̀ náà wà lábẹ́ Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, ìyẹn àwọn ìjòyè onífìlà funfun tí ilẹ̀ Èkó wà ní ìkáwọ́ wọn. Ìjọba kò kọ̀ láti san owó, ṣùgbọ́n ó ní owó àbójútó lásán ló tọ́ sí olóyè náà, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó, nítorí pé láti 1861 tí Ọba Dòsùnmú ti tọwọ́ bọ̀wé fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni Èkó ti bọ́ sí ọwọ́ wọn. Ilé ẹjọ́ tó wà nílé gbè sẹ́yìn ìjọba. Ní 1920, Olúwa wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní oṣù Keje 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ àgbà tí wọ́n ń pè ní Privy Council dá Olúwa láre: bí ìjọba tilẹ̀ ti yí padà, ilẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ owó ilẹ̀ sì ni ìjọba gbọ́dọ̀ san.

Inú Èkó dùn, ó sì tọ́ kó dùn. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà ní ojú méjì. Àwọn adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé gẹ́gẹ́ bí àṣà ilẹ̀ yìí, ilẹ̀ jẹ́ ti ìlú, ti abúlé tàbí ti ẹbí, kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ tó dáàbò bo ẹbí lọ́wọ́ ìjọba yìí kan náà ló fi hàn pé ẹni tó bá dá nìkan ta ilẹ̀ ẹbí ti ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ilé ní Èkó ti ń rìn lórí ẹsẹ̀ méjì: ẹsẹ̀ kan jẹ́ ti ìwé, èkejì jẹ́ ti ẹbí. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilé tó wà ní kóòtù lónìí ló jẹ́ pé ẹsẹ̀ méjèèjì kò rìn papọ̀.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìdájọ́ náà, ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn kan tí eku ń gbé kiri wọ Èkó, kò sì tán nílẹ̀ títí tó fi di nǹkan bí 1930. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn ilé tó há mọ́ra ní erékùṣù náà, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹbí ń gbé nínú àgbàlá kan ṣoṣo tí gọ́tà kò ṣàn. Ní 1928, wọ́n ṣe òfin ètò ìlú fún Èkó, òfin náà ló sì bí ìgbìmọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ di ìlú mọ̀ọ́ká: Lagos Executive Development Board, tí àwọn ènìyàn ń pè ní LEDB. Agbára ńlá ni wọ́n fún ìgbìmọ̀ náà. Ó lè gba ilẹ̀, ó lè wó ilé, ó lè tún ilẹ̀ là, kó sì pín in fún ẹlòmíràn. Àdúgbò Oko Awó wà lára àwọn ibi tó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Yábà, lórí ilẹ̀ ńlá tó kọjú sí erékùṣù, ni ó ṣètò fún àwọn tó fẹ́ kó lọ: títì tó gún, ojúlé tí wọ́n wọ̀n, àyè láàárín ilé kan sí èkejì.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ti ń lọ nígbà náà. Ní ìlú Vienna ní orílẹ̀-èdè Austria, ìjọba ìlú ń fi owó orí ilé tí ó ń gbà lọ́wọ́ àwọn onílé, tí àwọn olówó ń san jù, kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Karl-Marx-Hof, tí wọ́n kọ́ láti 1927 sí 1930. Fúláàtì 1,382 ló wà nínú rẹ̀, gígùn ilé náà sì ju kìlómítà kan lọ. Ní oṣù Kejì 1934, nígbà tí ìjà abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn ológun yìnbọn ńlá lu ilé náà. Síbẹ̀ kò wó, kò sì di ọjà. Títí di òní, ìjọba ìlú náà ló ni ín, owó ilé sì ni àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ń san. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì kò jù báyìí lọ: ní Vienna, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí kò ní ilé, ní Èkó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé tí wọn kò fẹ́ rí mọ́.

Láàárín àsìkò yìí kan náà ni ilé kan yí ọwọ́ padà ní Gbàgede Tinúubú. Ìdílé Fernandez, tí wọ́n wà lára àwọn Àgùdà, ló kọ́ ọ ní 1855. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ojú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ti Brazil padà wálé ṣe mọ ọ̀n kọ́. Ní 1933, wọ́n tà á fún Alfred Omolana Olaiya, ilé náà sì di èyí tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Ilojo Bar. Ẹbí Olaiya yìí kan náà ni Victor Olaiya, àgbà olórin highlife, ti jáde. Ẹni tó ra ilé náà ní 1933 kò ra bíríkì àti igi nìkan. Ó ra iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò nílé, tàbí àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n sì fi ọgbọ́n tí wọ́n kọ́ lókè òkun ṣe ìlú lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà tí wọ́n dé.

Ní 1956, lábẹ́ òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣe ní 1953, ìjọba kéde Ilojo Bar gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó gbé ẹrù kalẹ̀ láìsọ ẹni tí yóò rù ú. Ẹbí ló ṣì ni ilé; òfin ní wọn kò gbọdọ̀ wó o, wọn kò sì gbọdọ̀ yí i padà bó ṣe wù wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá sán, bí òrùlé bá ń jò, ta ni yóò san owó àtúnṣe? Nígbà tí ìjọba ní ti ẹbí ni, tí ẹbí sì ní ti ìjọba ni, òjò kò dúró de ìpinnu. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó Ilojo Bar lulẹ̀. Ilé tó ti lo ọdún 161, tó ti fara da ìjọba amúnisìn, àrùn eku àti LEDB fúnra rẹ̀, di àlàpà ní ọjọ́ kan. Igbe tí àwọn ènìyàn ké lẹ́yìn náà pọ̀. Ká ní ìdajì igbe náà ti di owó ọ̀dà àti sìmẹ́ǹtì ní ogún ọdún ṣáájú, bóyá ilé náà ì bá ṣì dúró.

LEDB ní tirẹ̀ kò sinmi. Ní 1951, ó gbé ètò tuntun jáde láti tún àárín gbùngbùn erékùṣù Èkó kọ́, nǹkan bí éékà 70. Òmìnira ń bọ̀, àwọn aláṣẹ sì fẹ́ kí olú-ìlú fani mọ́ra lójú àwọn àlejò. Ní 1955 ni wíwó ilé bẹ̀rẹ̀. Sùúrùlérè ni wọ́n ń kó àwọn ènìyàn lọ, sí ilé tí ìgbìmọ̀ náà kọ́, tí àwọn tó kó wọlé sì ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, wá ṣe ìwádìí lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tó rí kò bá èrò àwọn tó ṣe ètò náà mu. Lóòótọ́, ilé tuntun mọ́ ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó kó lọ ti ń gbé ilé ẹbí lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní Sùúrùlérè, gbogbo oṣù ni owó ilé ń pè wọ́n. Àwọn ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà wọn ní Èkó pàdánù oníbàárà. Mọ̀lẹ́bí tí wọ́n jọ ń jẹun nínú àgbàlá kan wá di ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì kó tó lè kí ara rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń wo fúláàtì lónìí. Ilé Yorùbá àtijọ́ kò yàtọ̀ sí ẹbí tó ń gbé inú rẹ̀. Agboolé ni, bí ọmọ bá pọ̀ sí i, wọ́n á fi yàrá kún un. Fúláàtì kò rí bẹ́ẹ̀. Ògiri rẹ̀ ti wà níbi tó wà kí ọmọ tó dé, yàrá mẹ́ta kò sì lè di mẹ́rin. Ìgbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ fúláàtì fún ará Èkó, irú ìgbé ayé tuntun ló ń pín pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, iye ènìyàn tó ń wọ Èkó ga ju ohun tí LEDB lè gbé lọ. Ní 1972, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó da ìgbìmọ̀ náà pọ̀ mọ́ àwọn àjọ ètò ìlú ti Ìkẹjà àti Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì di àjọ kan tí a mọ̀ sí LSDPC. Ìjọba àpapọ̀ náà kọ́ FESTAC Town lẹ́bàá ọ̀nà Badagry fún àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ti oṣù Kìíní àti oṣù Kejì 1977. Nígbà tí àlejò lọ tán, wọ́n pín àwọn ilé náà fún ọmọ Nàìjíríà nípa ìbò kíkó. Ọ̀nà Badagry yìí ló yí ìtàn Ọjọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò padà. Àwọn Àwórì ló ni ilẹ̀ ibẹ̀, iṣẹ́ ẹja àti iṣẹ́ oko ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀ ní ayé àtijọ́. Láàárín ọdún díẹ̀, ilé iṣẹ́ Volkswagen tó bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ jọ ní 1975, bárékè àwọn ṣọ́jà àti ọjà Alábà sọ ọ̀nà abúlé di ojú ọ̀nà ìlú ńlá.

Àárín ìyípadà yìí ni òfin kan dé tó kan gbogbo onílé. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta 1978, ìjọba ológun gbé Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde. Òfin náà fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà rẹ̀, kó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Láti ọjọ́ náà, ohun tí ẹnikẹ́ni ní lórí ilẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́ bí kò ṣe ẹ̀tọ́ láti lò ó. Olúwa ti jà ní 1921 kí ìjọba má baà sọ ilẹ̀ di tirẹ̀; ọdún 57 lẹ́yìn náà, ìjọba tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ń ṣe gba ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò rí gbà.

Lateef Jákàńdè di gómìnà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1979 lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN. Ilé ara rẹ̀ ní Ìlúpéjú ló ń gbé títí tó fi kúrò lórí àlééfà, kò kó lọ sí ilé ìjọba. Láàárín ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́ta, ó kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí ibi tó pọ̀: Ìjàyè, Abẹ́sàn, Òkè-Àfà, Ìpọ́nrí, Àmúwò, Ìbà àti àwọn ibòmíràn. Kò sí ọ̀ṣọ́ lára àwọn ilé náà. Wọ́n ga níwọ̀nba, kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè, àtẹ̀gùn ni gbogbo ènìyàn ń gùn. Àwọn alátakò pẹ̀gàn wọn nígbà náà. Ṣùgbọ́n olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé àti awakọ̀ tí owó oṣù wọn kò lè ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n rí kọ́kọ́rọ́ gbà. Ní 1983, ọdún tó kẹ́yìn ìjọba Jákàńdè, ni wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọjọ́. Àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún náà. Jákàńdè fúnra rẹ̀ gbé títí di ọdún 2021 kó tó jáde láyé, ìlú sì ti sọ àwọn ilé náà lórúkọ rẹ̀: ẹni tó bá ní Jákàńdè ni òun ń gbé, ilé ló ń sọ.

Àwọn ilé náà kò wà fún háyà nìkan bí ti Vienna. Wọ́n tà wọ́n fún àwọn tí wọ́n pín in fún, ibẹ̀ sì ni ìtàn wọn ti jọ ti Britain. Ní 1980, ìjọba Margaret Thatcher ṣe òfin tó fún ayálégbé inú ilé ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti ra ilé náà ní owó tó dínkù gan-an. Ó ju mílíọ̀nù kan ilé lọ tí wọ́n tà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹbí tí kò rò pé òun lè ní ilé láéláé di onílé, àwọn ọmọ Yorùbá ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìran kan, ọ̀pọ̀ fúláàtì náà ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn tó ń fi ilé ṣòwò, wọ́n sì ń gba owó ilé ńlá lórí wọn lọ́wọ́ àwọn tí ìjọba ì bá ti fún nílé. Àwọn tó ra fúláàtì tún rí i pé iye ọdún kan ni àwọn rà. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ṣì ni òrùlé, àtẹ̀gùn àti ilẹ̀, ìwé owó àtúnṣe sì ń tẹ̀lé wọn lọ́dọọdún.

Ìyẹn ló yẹ kí ẹni tó ń ra fúláàtì ní Ìbà fi sọ́kàn. Ẹni tó ra ilé lórí ilẹ̀ tirẹ̀ ra òkè, ó ra ìsàlẹ̀. Ẹni tó ra fúláàtì ra àlàfo láàárín ògiri mẹ́rin. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń gbé lókè rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀. Bí òrùlé bá ń jò, ẹni òkè pátápátá ni omi ń bá, ṣùgbọ́n ilé gbogbo wọn ló ń bàjẹ́. Bí kòtò ìdọ̀tí bá kún, ẹni ìsàlẹ̀ ló ń gbóòórùn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló dá a kún. Níbi tí kò bá ti sí ẹgbẹ́ onílé tó ń dá owó, tó sì ń fi í ṣe àtúnṣe, ohun tó pa Ilojo Bar ni yóò pa ilé náà: gbogbo ènìyàn ní ìpín nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ni èkejì. Òfin 1978 sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìfọwọ́sí gómìnà. Ní 1989, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín Savannah Bank àti Ajilo, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé ilé tí wọ́n fi dúró fún owó tí wọ́n yá ní báǹkì láìgba ìfọwọ́sí náà, asán ni àdéhùn rẹ̀, kódà bí onílé ti ni ilẹ̀ náà kí òfin tó dé. Jìnnìjìnnì mú àwọn báǹkì, ó sì yẹ kó mú àwọn tó ń ra fúláàtì lọ́wọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́ ẹni tí ìjọba kọ́kọ́ pín in fún. Ìwé ìpínlé tí wọ́n fún olùkọ́ kan láyé Jákàńdè, pẹ̀lú bébà kan tí olùkọ́ náà àti ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ jọ fọwọ́ sí, kò tíì tó láti pe ilé ní tẹni. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á dé ọ̀dọ̀ àjọ tó kọ́ ilé náà, kó mọ orúkọ ẹni tó wà nínú ìwé wọn, kó sì jẹ́ kí agbẹjọ́rò tẹ̀lé ìwé náà láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ẹbí, òun ló sì ṣòro jù. Ẹni tó gba fúláàtì ní ẹni ogójì ọdún ní 1982 ti lé ní ọgọ́rin báyìí bó bá ṣì wà láyé. Ọ̀pọ̀ wọn ti lọ. Nínú àṣà Yorùbá, bí bàbá tó gbéyàwó nílànà ìbílẹ̀ bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ilé rẹ̀ di ilé ẹbí, àkọ́bí tí Èkó ń pè ní Dáwódù ni yóò sì máa bójú tó o. Bí wọ́n bá fẹ́ pín in, ìdí-igi ni wọ́n máa ń lò, ìyẹn ni pé ẹ̀ka ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan. Bí àwọn ọmọ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, olórí ẹbí lè pàṣẹ orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Kóòtù fẹsẹ̀ èyí múlẹ̀ nínú ẹjọ́ ìdílé Dáwódù tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1962. Títà náà ní ìlànà tirẹ̀: bí olórí ẹbí bá dá a tà láìsọ fún àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè pe ẹjọ́ kí wọ́n sì gbà á padà, bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, kò tilẹ̀ sí ohun tí wọ́n tà.

Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí ìjọba fi ìwé pín fún ẹnìkan ti padà wọ inú ẹbí. Fúláàtì oníyàrá mẹ́ta tó wà ní orúkọ bàbá kan lè jẹ́ ti ọmọ mẹ́jọ láti ọwọ́ ìyá mẹ́ta, tí méjì ń gbé inú rẹ̀, tí ẹnìkan wà ní Kánádà, tí àwọn tó kù sì ń retí ìpín. Ejẹ́ńtì tó lẹ bébà mọ́ ògiri lè má mọ ju ọ̀kan nínú wọn lọ. Ẹni tó sanwó lè gba kọ́kọ́rọ́ lónìí, kó sì gba ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ́la. Ọmọ tó ń gbé inú ilé náà láti kékeré lè jí lọ́jọ́ kan kó gbọ́ pé wọ́n ti ta ilé lé òun lórí.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí di kánjúkánjú ni ọ̀nà irin. Látìgbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ ọ̀nà Badagry lójú, tí wọ́n sì ń la ọ̀nà ojú irin tí wọ́n ń pè ní Blue Line láàárín rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó wà létí ọ̀nà ni wọ́n ti wó. Kìlómítà 27 ni ọ̀nà irin náà yóò jẹ́ láti Marina dé Òkòkòmáíkò bó bá parí. Wọ́n ṣí apá kìíní rẹ̀, kìlómítà 13 láti Marina dé Mile 2, ní oṣù Kìíní 2023, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀ ọ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ọjọ́ tí ọkọ̀ irin bá dé Òkòkòmáíkò, ibi tí àwọn ènìyàn ń sá fún nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yóò di ibi tí wọ́n ń du. Owó ilé yóò gbéra. Ilé tí kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè rẹ̀ ní ogójì ọdún, àwọn olówó yóò máa wá a kiri pẹ̀lú owó lọ́wọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Oko Awó, ní àárín Èkó àti ní Tinúubú fi hàn pé nígbà tí ilẹ̀ bá gbówó lérí, ẹni tí ìwé rẹ̀ kò dúró ló kọ́kọ́ ń kó ẹrù. Nítorí náà, iṣẹ́ wà fún àwọn ẹbí tó ní fúláàtì ní Ìbà àti irú rẹ̀ kí ọkọ̀ irin tó dé. Kí ẹni tó gba ilé náà, bó bá ṣì wà láyé, kọ ìwé ìhágún, kó sì sọ ọ́ létí gbogbo ọmọ. Kí àwọn tí bàbá wọn ti kú jókòó, kí wọ́n pinnu bóyá ilé náà jẹ́ ti gbígbé tàbí ti títà, kí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ kóòtù lórí ogún náà. Kí àwọn tí wọ́n jọ ń gùn àtẹ̀gùn kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n máa dá owó òrùlé àti kòtò. Ìjọba náà ní ìpín tirẹ̀: kó jẹ́ kí gbígba ìfọwọ́sí rọrùn, kí owó rẹ̀ má sì ju agbára òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì lọ. Bí ó bá sì tún fẹ́ kéde ilé kan gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí, kó kọ iye tí òun yóò máa san fún àtúnṣe sínú ìkéde náà.

Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, Èkó ti wó ilé nítorí àrùn, ó ti wó o nítorí òmìnira, ó ti wó o nítorí títì. Àwọn ilé Jákàńdè wà lára ìwọ̀nba ilé tí ìjọba kọ́ fún tálákà láìkọ́kọ́ wó ti tálákà mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan nínú wọn, kó rà á; kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó kà owó sílẹ̀, kó béèrè orúkọ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sínú ìwé ilé náà, kó sì béèrè ibi tí àwọn ọmọ ẹni náà wà.